Férémù Tí A Fi Ń Kọ́ Ojú-òpó Ayélujára: Ìrọ̀rùn Òní àti Ààyè Ọ̀la

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí àwa olùkọ́ Lárúbáwá máa ń kọ. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àkọsílẹ̀ ìdánwò àwọn ọmọ ilé-kéú yìí ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lórí ayélujára. Àwọn òbí kan ń bi wá títí di òní pé níbo ni máàkì ọmọ àwọn wọlé sí. Àwọn ọmọ tó ti ṣe wòlímọ̀ náà ń béèrè, nítorí pé ibi tí wọ́n fẹ́ lọ kàwé sí i ń bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Ó tọ́ kí a ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí a sì fi ṣe ẹ̀kọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò gbé irú iṣẹ́ yìí fún ènìyàn lọ́jọ́ iwájú, àwọn mìíràn nínú yín ni wọn yóò sì gbé e fún.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni èyí: nínú àwọn ohun tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ ojú-òpó, èwo ló rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, èwo ni kò sì ní dè wá lọ́wọ́ nígbà tí ọdún bá gorí ọdún?

KÍ NI FÉRÉMÙ?

Bí ènìyàn bá tẹ orúkọ ojú-òpó kan sórí fóònù rẹ̀, fóònù náà yóò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan tó ń dúró de irú ìpè bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kọ̀ǹpútà yìí ni wọ́n ń pè ní sáfà. Sáfà yóò wo ohun tí a béèrè, yóò lọ sínú dátábéèsì, èyí tí í ṣe àká tí a kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, yóò mú ohun tí a fẹ́ jáde, yóò tò ó sórí ojú-ìwé, yóò sì fi í ránṣẹ́ padà.

Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ojú-òpó ń ṣe, ìbáà ṣe ti báńkì, ti ìwé ìròyìn tàbí ti ilé-kéú. Wọ́n ń gba ìpè, wọ́n ń wádìí ẹni tó ń pè, wọ́n ń wo inú àká, wọ́n ń to ojú-ìwé. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe jókòó, tí wọ́n kọ apá tí kì í yí padà yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ojú-òpó mú un lò, kí ó fi ti ara rẹ̀ kún un. Òun ni òyìnbó ń pè ní framework. Àwa yóò máa pè é ní férémù, bí àwọn káfíńtà wa ṣe ń pe igi tí wọ́n kọ́kọ́ kàn mọ́ ògiri kí wọ́n tó gbé ilẹ̀kùn kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì Sarf ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ك ت ب, ẹ dà á sínú òṣùwọ̀n فاعل, ẹ ó rí كاتب, ẹni tó ń kọ̀wé. Ẹ dà á sínú مفعول, ẹ ó rí مكتوب, ohun tí a kọ. Ẹ mú ف ت ح, bákan náà ni yóò rí: فاتح àti مفتوح. Ẹ kò ní láti há ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí, òṣùwọ̀n ti bá yín ṣe é. Ìrọ̀rùn tí férémù ń fún oníṣẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ tí a dé orí قال. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ق و ل, síbẹ̀ Lárúbáwá kì í sọ pé قَوَلَ. Wáwù ti di álífù, nítorí pé háráfì àìsàn ni. Àwọn kan nínú yín fajú ro lọ́jọ́ náà, wọ́n ní òṣùwọ̀n tí a fi kọ́ àwọn ti já àwọn kulẹ̀. Orí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó gbọ́ Sarf. Férémù náà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wa bá ti ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo férémù ló dára níbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wa ní háráfì àìsàn ni kí a ti yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé yóò gbà kí a yí ẹyọ kan padà, àbí yóò ní kí a wó gbogbo ilé?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ní 2013, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ti jáde níbí fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PHP kọ́ ojú-òpó kan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kò lo férémù kankan, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ṣiṣẹ́, a sì ń fi yangàn. Lọ́jọ́ kan ní 2019, a ṣí i, ojú-ìwé funfun báláú ni a rí. Ilé-iṣẹ́ tí a háyà sáfà lọ́wọ́ wọn ti gbé PHP tuntun sórí rẹ̀. Àwọn àṣẹ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mysql_, tí ọmọ wa fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ti kúrò nínú PHP láti ìgbà tí PHP 7 ti jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2015. Láti 2013 gan-an, ọdún tí ó kọ iṣẹ́ náà, ni àwọn tó ni PHP ti ń kìlọ̀ pé àwọn yóò yọ ọ́. Àṣẹ wọ̀nyí wà káàkiri gbogbo ojú-ìwé tí ó kọ, ọmọ náà sì ti rìnrìn àjò. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Nígbà tí owó ọdún pé, a kò san án mọ́, àká àti ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Ẹ̀bi wa ni èyí, a kò dì í rù ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó sọ fún wa nígbà náà pé a lè da ohun inú àká kọ kí a tó dá owó dúró, àwa náà kò sì béèrè.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò lo férémù kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di òmìnira. Ó ti gbára lé nǹkan náà, àmọ́ òun nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Ká ní orí férémù ni iṣẹ́ náà wà, àwọn tó ni férémù ni ìbá yí àṣẹ ọ̀hún padà nínú ti wọn, ọ̀pọ̀ ojú-ìwé wa kì bá ti mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Ìkejì dé ní 2020, nígbà tí wọ́n ti gbogbo ilé-ìwé pa nítorí àrùn kòrónà. Wàhálà mú wa, a fẹ́ ohun tó yá. A lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ní ojú-òpó àkànsílẹ̀, tí ènìyàn á kàn máa fi ìka wọ́ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sí ibi tó bá wù ú láìkọ kóòdù kankan. Láàrin ọjọ́ méjì, ojú-òpó wa ti dúró, ó sì rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ. A kò ní purọ́, inú wa dùn. Ọdún kẹta ni a wá rí ojú rẹ̀ mìíràn. A fẹ́ fi déètì Híjírà sí èsì ìdánwò, kò ṣeé ṣe. A fẹ́ kí ọmọ máa gòkè nípa iye hìsíbù tó ti há, kì í ṣe nípa ọdún nìkan, kò sí ibi tí a lè sọ ọ́ sí. Owó ọdún ń lé sí i. Nígbà tí a ní kí a máa kó ẹrù wa lọ, ọ̀rọ̀ tó wà lójú-ìwé àkọ́kọ́ àti àwọn fọ́tò ni wọ́n jẹ́ kí a kó. Máàkì àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe tò ó sínú àká tiwọn, kò ní ọ̀nà tí ó fi lè jáde. Akọ̀wé wa jókòó, ó ń fi ọwọ́ dà á kọ láti ojú kọ̀ǹpútà sínú rẹ́jísítà. Kò tíì dé ìdajì tí àkókò wa fi pé.

ÀWỌN FÉRÉMÙ TÍ A YẸ̀ WÒ

Lẹ́yìn èyí, a pe méjì nínú àwọn ọmọ wa àtijọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹun, a sì jókòó tì wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ohun tí a kọ́ nìyí.

Rails ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa. Ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark kan, David Heinemeier Hansson, ni ó yọ ọ́ jáde ní 2004 láti inú iṣẹ́ tó ń ṣe lórí Basecamp, ètò kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń pín iṣẹ́ láàrin ara wọn. Àdéhùn ni agbára Rails. Bí o bá ti fún nǹkan ní orúkọ bí ó ṣe fẹ́, kò ní kí o tún ṣàlàyé mọ́. Bí o bá dárúkọ Student, yóò ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé students ni kí òun wá nínú àká. Níbí ni a ti rẹ́rìn-ín. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ ẹyọ di púpọ̀. Bí a bá dárúkọ Omo, omos ni yóò wá lọ. Àwọn ọmọ wa ní kí a má ṣe já a jù, fáìlì kékeré kan wà tí a ti lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ báyìí kì í gba s. Ìdánwò háráfì àìsàn kan nìyẹn, Rails sì yege.

Laravel fara jọ Rails, ṣùgbọ́n PHP ni a fi kọ ọ́. Taylor Otwell ará Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2011. Ohun tó fẹ́ràn mọ́ wa lára ni pé sáfà olówó pọ́ọ́kú tí ènìyàn lè háyà, PHP ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, àwọn tó sì gbọ́ Laravel kò wọ́n láyìíká wa. Ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ń jáde. Oṣù 18 ni wọ́n fi ń tún àṣìṣe inú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ṣe, ọdún méjì ni wọ́n fi ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ẹni tó bá sùn ju ọdún méjì lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀.

Django ti wá láti ilé ìwé ìròyìn. Ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World, Adrian Holovaty àti Simon Willison, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní 2003. Ní 2005 ni wọ́n jẹ́ kí gbogbo ayé máa lò ó. Oníròyìn kì í ní ọ̀la. Ohun tí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ ní òwúrọ̀, ó gbọ́dọ̀ wà lójú-òpó ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi yàrá ọ́fíìsì kan sínú rẹ̀. Tí o bá ti ṣàlàyé ohun tí ọmọ, kíláàsì àti máàkì jẹ́, Django fúnra rẹ̀ yóò to ojú-ìwé tí akọ̀wé yóò ti máa kọ wọ́n sílẹ̀, yóò sì béèrè pásíwọ́ọ̀dù kí ó tó jẹ́ kó wọlé. Bí a bá yan èdè Lárúbáwá, ojú-ìwé yìí yóò yí padà, yóò máa ti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì. Kò sí ẹni tó ní láti kọ ìyẹn fún wa. Django a tún máa ya àwọn ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ tí wọn yóò tọ́jú fún ọdún mẹ́ta. Ẹ̀dà 5.2, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọn yóò tọ́jú rẹ̀ dé oṣù kẹrin ọdún 2028.

Flask ni kékeré wọn. Armin Ronacher, ọmọ Austria, ló ṣe é ní 2010, inú ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin tí òyìnbó fi ń tan ara wọn ló ti jáde wá. Ó ń gba ìpè, ó ń dáhùn, ó tán. Àká, pásíwọ́ọ̀dù, yàrá ọ́fíìsì, ìwọ ni yóò lọ wá wọn, ibi tí o bá sì ti rí i ni o ti mú un. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ó ní òun ló ní òmìnira jù. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí a bá mú nǹkan mẹ́wàá láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́wàá ni a ó máa wò, bóyá ọ̀kan nínú wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé-kéú tí kò ní oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò lè ru irú òmìnira bẹ́ẹ̀.

Àwọn férémù kan tún wà tó jẹ́ pé orí fóònù ẹni tó ń wo ojú-òpó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, irú bí React tí Facebook gbé jáde ní 2013. Wọ́n dára fún ojú-ìwé tó ń yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú. Èsì ìdánwò kì í yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, nítorí náà a fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ọ̀kan nínú wọn wúlò fún wa. Google gbé AngularJS jáde ní 2010, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì sá tọ̀ ọ́ nítorí ìrọ̀rùn rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ni ín. Ní 2014, wọ́n kéde pé ẹ̀dà tó ń bọ̀ kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu. Ó jáde ní 2016, wọ́n ń pè é ní Angular lásán. Nígbà tí ọdún 2021 parí, Google kò tọ́jú AngularJS mọ́. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin márùn-ún kọ iṣẹ́ sórí rẹ̀ ní láti tún púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ. Orúkọ ńlá kò dáàbò bò wọ́n.

Àwọn òbí kan yóò bi wá pé, ǹjẹ́ férémù ńlá báwọ̀nyí kò ní fún wa lọ́rùn bí a bá dàgbà? Ẹ wo méjì tí gbogbo ayé mọ̀. Twitter, tí wọ́n ń pè ní X láti 2023, bẹ̀rẹ̀ lórí Rails ní 2006. Èrò pọ̀ sí i débi pé ó máa ń dákú, wọ́n á wá fi àwòrán ẹja àbùùbùtán han àwọn ènìyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ apá kọ̀ọ̀kan kúrò lórí Rails, wọ́n ń fi èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tún un kọ. Instagram bẹ̀rẹ̀ lórí Django ní 2010, orí rẹ̀ náà ni ó sì dàgbà sí. Nígbà tí Facebook rà á ní 2012 ní bílíọ̀nù kan dọ́là, òṣìṣẹ́ mẹ́tàlá péré ni wọ́n. Àwọn méjèèjì rí ọ̀nà, nítorí pé kóòdù àti àká wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó wà lórí ojú-òpó àkànsílẹ̀ kò lè yọ apá kan, kò sì lè fi apá kan sílẹ̀. Ilé-kéú wa kò sì ní di Twitter. Háráfì àìsàn tiwa yàtọ̀ sí ti èrò púpọ̀.

HÁRÁFÌ ÀÌSÀN TIWA

Ìkínní ni déètì. Gbogbo férémù tí a dárúkọ yìí, kàlẹ́ńdà òyìnbó ni wọ́n fi ń tọ́jú ọjọ́. Ọdún Híjírà jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ó fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí tiwọn. A lè ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ọ̀kan láti inú èkejì, ṣùgbọ́n ìṣirò kì í rí oṣù. Bí wọ́n bá rí oṣù lálẹ́ ọjọ́ tí ìṣirò kò retí, a ó fi ọjọ́ kan yàtọ̀. Nítorí náà, ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ lè tún un ṣe.

Ìkejì ni orúkọ àwọn ọmọ, èyí ni ó yà wá lẹ́nu jù. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan háráfì ayé. Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ tó ní àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè kọ ọ́ bí ọ pẹ̀lú àmì, tàbí bí ó pẹ̀lú ẹsẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, Bọ́lá tí a tẹ̀ lórí fóònù àti Bọ́lá tí a tẹ̀ ní ọ́fíìsì lè di ọmọ méjì, máàkì á sì pín sí méjì. Oògùn rẹ̀ wà nínú Python, èdè tí a fi kọ Django, ó sì wà nínú PHP náà: a ó ní kí ó sọ gbogbo orúkọ di irú kan kí ó tó kó wọn sí àká. Férémù kò ní ronú rẹ̀ fún wa, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti lè dá orúkọ dúró kí ó tó wọlé. Django ní in, Laravel ní in, Rails ní in. Ojú-òpó àkànsílẹ̀ wa kò ní in.

Ìkẹta ni ìgòkè ọmọ nípa hìsíbù. Lórí èyí, àwọn ọmọ wa méjèèjì gba wá ní ìmọ̀ràn kan tí a rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ní kí a kọ òfin ìgòkè sínú fáìlì tirẹ̀ tí kò ní orúkọ férémù kankan nínú. Ó ń gba iye hìsíbù àti máàkì, ó ń dá èsì padà. Bí Django bá lọ lọ́la, a ó gbé fáìlì náà lọ sí ibòmíràn láìpa ìlà kan rẹ́ nínú rẹ̀.

Django ni a mú. Kò jẹ́ pé ó dára ju Laravel lọ ní gbogbo ọ̀nà. Yàrá ọ́fíìsì rẹ̀, ojú-ìwé Lárúbáwá rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta ìtọ́jú rẹ̀ ni ó fà wá. Bí ó bá jẹ́ ilé-kéú tí oníṣẹ́ Laravel ń gbé nítòsí rẹ̀ ni, a ó ní kí wọ́n mú Laravel. Orúkọ ojú-òpó wà lórúkọ ilé-kéú báyìí, ènìyàn méjì ló ní kóòdù lọ́wọ́, akọ̀wé sì ń da gbogbo àká kọ sínú fáìlì lásán ní ìparí oṣù, ó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó ń kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù mùdíírù.

Máàkì ọdún 2013 sí 2019 ni kò tíì pé. A ti rí díẹ̀ nínú àwọn rẹ́jísítà àtijọ́, ṣùgbọ́n òjò ti ba méjì jẹ́. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá ṣì ní ìwé èsì ìdánwò ọdún wọ̀nyẹn nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Akọ̀wé yóò dà á kọ lójú yín, yóò sì dá a padà fún yín lọ́wọ́ kan náà.